Bí Irọ́ Bá Lọ fún Ogún Ọdún

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ ni òwe yìí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ba àwa ọ̀dọ́ Mówè, Ìbafò àti Ìfọ̀ lẹ́rù ni pé: ibo ni ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́ yóò wà ní gbogbo ogún ọdún náà?

Kí ọdún 1914 tó dé, nígbà tí Ẹ̀gbá ṣì ń ṣàkóso ara rẹ̀, àwọn ọba, ìjòyè àti Ògbóni ló ń dájọ́. Iwájú àwọn tó mọ bàbá rẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ ń dúró sí, ẹjọ́ kì í sì í pẹ́. Síbẹ̀, ìgbà náà kò dára tán. Ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní obò mu, májèlé ni. Ìdájọ́ yá, ṣùgbọ́n aláìṣẹ̀ lè kú.

Lóde òní, ẹ̀sùn ló ń sáré, ìdájọ́ ń wọ́. Ilé-ẹjọ́ Gíga ló lè gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ adájọ́ Májísíréètì ni ọlọ́pàá ń kọ́kọ́ gbé afurasí lọ. Adájọ́ yìí kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà, nítorí náà yóò ní kí wọ́n fi í pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Fáìlì yóò lọ sí ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Abẹ́òkúta fún ìmọ̀ràn, ìdúró sì bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà fi jẹ́ ẹni tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi.

Nígbà mìíràn, ẹ̀sùn kì í tilẹ̀ dé ilé-ẹjọ́. Ọdún 1992 ni wọ́n dá SARS sílẹ̀ láti gbógun ti adigunjalè. Ní oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n mú Tiyamiyu Kazeem, agbábọ́ọ̀lù Remo Stars, ní Ṣàgámù. Ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta ló kú sí, kò fojú kan adájọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú jáde lóṣù kẹwàá ọdún náà, ìjọba tú SARS ká.

Òfin kọ́ ló ṣàìtó. Ìwé òfin ọdún 1999 ní aláìṣẹ̀ ni afurasí títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi, àti pé bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, kí wọ́n gbé e débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 2015 kọ̀ kí wọ́n mú ìyá dípò ọmọ. Ó tún ní kí adájọ́ Májísíréètì máa yẹ àtìmọ́lé ọlọ́pàá wò lóṣooṣù.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè ní Mówè, Ìbafò àti Ìfọ̀ bóyá adájọ́ wá lóṣù yìí. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó sì ti ẹnìkan mọ́lé láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rárá ńkọ́?