Ìgbàgbọ́, Iṣẹ́ Rere àti Ìyàntẹ́lẹ̀: Kí Ni Àwọn Kristẹni Ń Bá Ara Wọn Jiyàn Lé Lórí?

Nínú ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí ilẹ̀ Yorùbá, ààfáà àti alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Wọ́n jọ ń ṣe ìkómọ, wọ́n jọ ń sin òkú, wọ́n sì jọ ń jẹ ẹran iléyá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bá ti dé, gbólóhùn kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwa mùsùlùmí: pé àwọn Kristẹni ní kí èèyàn ṣáà ti gbàgbọ́, kí ó máa ṣe bó ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní 1,600 ọdún tí àwọn Kristẹni fúnra wọn ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti lé ara wọn kúrò nílùú nítorí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti ṣàn.

Nínú Sūratul-Mā'ida, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa pé kí ìkórìíra sí ìjọ kan má ṣe mú wa ṣe àìdọ́gba. Ara ìdọ́gba ni kí á mọ ohun tí ẹnìkejì wa ń sọ kí á tó dá a lóhùn. Ìdí nìyí tí a fi kọ àlàyé yìí.

Ìbéèrè méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: báwo ni ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe lè di ẹni tí Ọlọ́hun kà sí olódodo? Èyí ni àwọn Kristẹni Yorùbá ń pè ní ìdáláre. Ṣé ìgbàgbọ́ ló ń mú un wá, àbí ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ rere?

Ìbéèrè kejì ni pé: kí ló dé tí ẹnìkan fi gbàgbọ́ tí ẹlòmíràn kò sì gbàgbọ́? Ṣé Ọlọ́hun ló ti yan ẹni kìíní tẹ́lẹ̀, àbí òun fúnra rẹ̀ ló gbà?

Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra níbí. Ọ̀rọ̀ náà "kádàrá," tí a mú láti inú èdè Lárúbáwá, gbòòrò lẹ́nu wa. Ọrọ̀ wà nínú rẹ̀, ọmọ wà nínú rẹ̀, ọjọ́ ikú náà sì wà nínú rẹ̀. Ìyàntẹ́lẹ̀ tí àwọn Kristẹni ń jà lé lórí kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ni yóò lówó tàbí ta ni yóò pẹ́ láyé. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò rí ìgbàlà ni.

Pọ́ọ̀lù àti Jákọ́bù

Inú Bíbélì wọn ni iyàn ti bẹ̀rẹ̀. Nínú lẹ́tà tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù, ó ní ìgbàgbọ́ ni a fi ń dá ènìyàn láre, láìsí iṣẹ́ òfin. Nínú lẹ́tà Jákọ́bù, wọ́n kọ ọ́ pé kì í ṣe ìgbàgbọ́ nìkan, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Ànábì Ìbúràhímù ni àwọn méjèèjì fi ṣe ẹ̀rí. Pọ́ọ̀lù tọ́ka sí i pé ó ti gba Ọlọ́hun gbọ́ kí wọ́n tó dá abẹ́ fún un. Jákọ́bù tọ́ka sí ọjọ́ tí ó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ rúbọ.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ wọn ní àwọn méjèèjì kò tako ara wọn. Wọ́n ní ẹni tó rò pé òun lè fi iṣẹ́ ra ojú rere Ọlọ́hun ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí, ẹni tó ń fi ẹnu lásán gbàgbọ́ sì ni Jákọ́bù ń bá wí.

Láti Àríwá Áfíríkà dé Jámánì

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlìjéríà lónìí, ló kọ́kọ́ fi iyàn náà múlẹ̀ gidi. Ọkùnrin kan láti Bìrìtìkó, Pelagius, ń kọ́ni pé ènìyàn lágbára láti pa òfin Ọlọ́hun mọ́ bí ó bá fẹ́. Augustine ní rárá, ẹ̀ṣẹ̀ ti mú ènìyàn lẹ́rú, oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́hun nìkan ló lè tú u sílẹ̀, ẹni tó bá sì wu Ọlọ́hun ni Ó ń fún. Ní ọdún 418, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage dá Pelagius lẹ́bi.

Ó tó 1,100 ọdún lẹ́yìn ìyẹn kí Martin Luther tó dìde ní Jámánì ní 1517, nítorí pé wọ́n ń ta ìwé ìdáríjì fún àwọn aráàlú. Nígbà tí ó túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Jámánì ní 1522, ó fi "nìkan" kún ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù lórí ìgbàgbọ́. Àwọn alátakò rẹ̀ ní kò sí "nìkan" nínú èdè Gíríìkì. Òun ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ló bèèrè fún un. Síbẹ̀, Luther kò sọ pé iṣẹ́ rere kò wúlò. Ohun tó ń kọ́ni ni pé igi tó dára ló ń so èso tó dára, èso kọ́ ló ń sọ igi di rere.

Ìjọ Àgùdà dá a lóhùn níbi ìpàdé Trent. Ní 1547, wọ́n kéde pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́hun ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn, ìdáláre náà sì ń dàgbà pẹ̀lú iṣẹ́ rere. Nítorí náà, àwọn Àgùdà pẹ̀lú kò sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn nìkan ló ń gbà á là.

Ìjà tó le jù: ilẹ̀ Nẹ́dálándì

John Calvin, ará Faransé tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Geneva, ló fi ìyàntẹ́lẹ̀ hàn kedere jù: Ọlọ́hun ti pinnu láti ayérayé àwọn tí yóò gbà là àti àwọn tí kò ní gbà là. Ẹ̀kọ́ yìí rinlẹ̀ ní Nẹ́dálándì. Ní yunifásítì Leiden, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì dojú kọ ara wọn lórí rẹ̀, Jacobus Arminius àti Franciscus Gomarus.

Arminius bèèrè pé: bí Ọlọ́hun bá ti kọ ẹnìkan kí ó tó dá a, ṣé kì í ṣe pé a ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹni náà kan Ọlọ́hun? Ó ní Ọlọ́hun mọ ẹni tí yóò gbàgbọ́, àwọn yẹn ni Ó sì yàn. Gomarus dáhùn pé: bí yíyàn bá dúró lórí ohun tí ènìyàn ṣe, a jẹ́ pé owó iṣẹ́ ni, kì í ṣe oore, ẹni tó gbàgbọ́ yóò sì rí ohun yangàn lé lórí.

Ẹ fi wé ọmọ tó kó sí kànga. Arminius ní bàbá ju okùn sí i, ó tún fún un lágbára láti di okùn mú, ṣùgbọ́n ọmọ lè kọ̀ ọ́. Gomarus ní ọmọ náà ti kú sínú kànga. Àfi kí bàbá wọlé lọ, kí ó jí i, kí ó sì gbé e jáde.

Arminius kú ní 1609. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀hónú alápá márùn-ún. Ọ̀rọ̀ òṣèlú wá wọ̀ ọ́. Johan van Oldenbarnevelt, àgbà olóṣèlú ilẹ̀ náà, dáàbò bo wọn, Ọmọba Maurice, olórí ogun, sì gbè sẹ́yìn àwọn alátakò wọn. Ìpàdé ńlá ti Dort, ní 1618 sí 1619, dá ẹ̀kọ́ Arminius lẹ́bi, nǹkan bí 200 oníwàásù sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Ní May 1619, wọ́n bẹ́ orí Oldenbarnevelt ní ìlú The Hague. Ẹni ọdún 71 ni. Wọ́n ju Hugo Grotius, gbajúgbajà amòfin, sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ní 1621, ìyàwó rẹ̀ fi ọgbọ́n gbé e jáde nínú àpótí ìwé.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, iyàn náà pín àwọn ọ̀rẹ́ méjì níyà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. John Wesley, tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, tẹ̀ lé Arminius. George Whitefield tẹ̀ lé Calvin. Wesley wàásù tako ìyàntẹ́lẹ̀ ní 1739, Whitefield sì tẹ ìwé èsì jáde ní 1741. Síbẹ̀, nígbà tí Whitefield kú ní 1770, Wesley ló wàásù ìrántí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn Mẹ́tọ́díìsì yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842. Àwọn Àǹgílíkà náà dé lọ́dún kan náà, pẹ̀lú ìwé òfin ìgbàgbọ́ wọn tó sọ̀rọ̀ ìyàntẹ́lẹ̀ ní abala 17, tó sì kìlọ̀ pé ó lè pa ẹni tó bá ń tọpinpin rẹ̀ lára. Àwọn Presbyterian, ọmọ ẹ̀yìn Calvin, lọ sí Kàlàbá ní 1846. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, ìwé Róòmù, níbi tí iyàn yìí ti gbóná jù, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ní 1850.

Títí di òní, bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ Onítẹ̀bọmi, wọn yóò ní ẹni tí a bá ti gbà là ní tòótọ́ kò lè sọnù mọ́. Bí ẹ bá bi ọmọ Mẹ́tọ́díìsì tàbí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, wọn yóò ní ó lè ṣubú.

Àwọn kan ti ń wá ìrẹ́pọ̀. Ní October 31, 1999, ìjọ Àgùdà àti àjọ àwọn ìjọ Luther lágbàáyé fọwọ́ sí ìwé ìṣọ̀kan lórí ìdáláre ní ìlú Augsburg. Àjọ àwọn Mẹ́tọ́díìsì dara pọ̀ ní 2006, ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn Calvin sì tẹ̀ lé e ní 2017.

Kí ló kan àwa?

Ẹni tó bá jókòó ní ilé-kéwú yóò rántí pé irú iyàn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn Qadariyya ní ẹrú ló ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀. Àwọn Jabriyya ní ẹrú dà bí ìyẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Àwọn onímọ̀ Ahlus-Sunna dúró láàárín: Ọlọ́hun ló ń dá iṣẹ́, ẹrú sì ni yóò jíhìn ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. A sì mọ hádíìsì tó dáni lójú pé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kò lè dá mú un wọ àlùjánnà, àfi pẹ̀lú àánú Ọlọ́hun.

Ìyàtọ̀ wà, kí á má fi bò. Lójú àwọn Kristẹni, ẹ̀ṣẹ̀ tí Ànábì Ádámà ṣe ti ran gbogbo ọmọ rẹ̀, ikú Ànábì Ísá sì ni ìràpadà. Àwa kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Lọ́dọ̀ tiwa, Ánábì Ádámà ronú pìwà dà, Ọlọ́hun sì forí jì í. Ẹ̀mí kan kì í ru ẹrù ẹ̀mí mìíràn. Ibi tí ààlà wa pẹ̀lú wọn wà gan-an nìyí.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá tún dé nílé, ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì pé: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ìjọ tiyín gbà lórí èyí?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ náà láti má ṣe fi ohun tí Kristẹni kò sọ sí wọn lẹ́nu, nítorí ẹ̀rí èké ni, kò sì sí ìyàtọ̀ bóyá mùsùlùmí ni a jẹ́rìí èké mọ́ tàbí ẹlòmíràn.

Allāhu ló mọ̀ jùlọ.