Ìwé Aláìsàn Lójú Ọ̀nà: Àkọsílẹ̀ Ìtọ́jú Eyín láti Ìwó sí Àwọn Ilé Ìwòsàn Ńlá

Àárín àwọn ìlú tí ó ní ilé ìwòsàn ńlá ni ìlú Ìwó wà. Ìbàdàn wà ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní àríwá, Òṣogbo àti Ilé-Ifẹ̀ sì wà ní ìlà-oòrùn. Bí eyín bá ń dun ọmọ Ìwó, tí ọ̀ràn náà sì ju ohun tí àwọn oníṣègùn ìlú lè ṣe, ọ̀kan nínú àwọn ìlú mẹ́rin yìí ni yóò forí lé. Ìtàn àwọn ilé ìwòsàn wọ̀nyí kò ṣòro láti rí kà. Ohun tí àwọn òpìtàn kì í sábà kà sí ni ìwé aláìsàn fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá sí. Ta ni ó ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn, kí ni ó sì ń sọnù nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà? Bí ẹ̀rí ti rí, aláìsàn ni ó ti ń ru ẹrù yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì tíì gbà á lórí rẹ̀.

Kí ilé ìwòsàn òyìnbó tó dé, ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ kò tilẹ̀ dìde. Onísègùn tí ó fi egbò tàbí èèpo igi sí èrìgì ẹnìkan mọ ìdílé rẹ̀, ó mọ èèwọ̀ rẹ̀. Bí òun bá sì gbàgbé, ìyá aláìsàn kò ní gbàgbé. Ilé ìwòsàn ni ó sọ ìwé di dandan. Ní ọdún 1907 ni Dókítà George Green, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1957 ni University College Hospital, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UCH, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ibi tí ó wà títí di òní ní Ìbàdàn. Ìlànà tí ó wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní irú àwọn ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ni pé kí aláìsàn mú káàdì kékeré lọ sílé, kí fáìlì sì dúró lórí pẹpẹ. Nọ́ńbà tí ó wà lára káàdì ni wọ́n fi ń wá fáìlì. Káàdì lè rìn, fáìlì kì í jáde. Bí wọ́n bá wá ní kí aláìsàn máa lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, lẹ́tà ni wọ́n ń kọ fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ìtọ́jú ọdún mẹ́wàá ń di ìlà mẹ́rin nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Ní ìlẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Ìwó, dókítà kan wo ọ̀ràn yìí láti ìhà mìíràn. David Morley ni orúkọ rẹ̀, òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà ní òpin àwọn ọdún 1950. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ọdún 1957, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fa ìlà ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, wọ́n sì ń kọ àìsàn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sí i. Dípò kí wọ́n tọ́jú káàdì náà sí ilé ìwòsàn, wọ́n fi sínú àpò ọ̀rá, wọ́n sì fà á lé ìyá ọmọ lọ́wọ́. Àwọn tí ó rò pé àwọn ìyá yóò sọ ọ́ nù kò ṣàìsí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ìyá pa á mọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti ń pa fáìlì mọ́ lọ, irú káàdì náà sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibi yòówù tí wọ́n bá gbé ọmọ náà dé, ìtàn rẹ̀ ti bá a dé ibẹ̀ ní kíkún. Fún eyín àgbàlagbà, irú káàdì bẹ́ẹ̀ kò tàn kálẹ̀. Ó ṣeni láàánú, nítorí pé eyín tí wọ́n ti yọ kì í hù padà, àṣìṣe tí ó bá sì wọ inú ìwé rẹ̀ lè di àṣìṣe nínú ẹnu.

Àwọn ilé ìwòsàn fúnra wọn kò dúró lójú kan. Ní 1975 ni Wesley Guild di ara àwọn ilé ìwòsàn Yunifásítì Ifẹ̀, yunifásítì náà sì di Obafemi Awolowo University ní 1987. Ìwó wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 1976. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 27 oṣù Kẹjọ 1991, Ìwó bá Ọ̀ṣun lọ, Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ sì kù sí Ọ̀yọ́. Ní 2001 ni ìjọ Onítẹ̀bọmi dá Bowen University sílẹ̀ ní Ìwó, ní 2009 sì ni ilé ìwòsàn tí Green bẹ̀rẹ̀ di ilé ìwòsàn ìkẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà. Báyìí ni yunifásítì fi wà ní Ìwó tí ilé ìwòsàn rẹ̀ sì wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Orúkọ tí ó wà lára káàdì àtijọ́ lè máà sí lára ògiri ilé ìwòsàn mọ́.

Ilé-Ifẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti kọ́kọ́ kàn ìtàn yìí gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1989 ni ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Obafemi Awolowo University, ilé ìwòsàn ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àti Yunifásítì Kuopio ní ilẹ̀ Finland pawọ́ pọ̀ láti ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àkọsílẹ̀ aláìsàn. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo. Ètò tí wọ́n ti ń lò ní àwọn ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà ni wọ́n mú, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba aláìsàn wọlé, gbígbé e láti ibì kan sí òmíràn, àti dídá a sílẹ̀ lọ sílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń lò ó ní Ifẹ̀. Lẹ́yìn náà ni MINPHIS, tí ó sọ nínú orúkọ rẹ̀ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é, jáde láti inú iṣẹ́ yìí. Ó jẹ́ iṣẹ́ tí ó yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyè sí ‘gbígbé láti ibì kan sí òmíràn’ yẹn: láti yàrá aláìsàn kan sí èkejì nínú ilé ìwòsàn ni ó túmọ̀ sí ní pàtàkì. Aláìsàn tí ó bá jáde ní géètì ti jáde kúrò nínú ètò náà. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti Ìwó, àfi kí ó mú lẹ́tà rẹ̀ dání gẹ́gẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá.

Ti eyín tún le ju èyí lọ, nítorí ọ̀nà tí àwọn dókítà ń gbà pe eyín kì í ṣe ọ̀kan. Eyín 32 ni ó wà lẹ́nu àgbàlagbà. Ní 1861 ni Zsigmondy, ará Vienna, dábàá pé kí wọ́n fa àgbélébùú, kí wọ́n pín ẹnu sí mẹ́rin, kí wọ́n sì ka eyín apá kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 8. Ìyẹn ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ti Palmer. Àwọn ará Amẹ́ríkà ka eyín láti 1 dé 32, yíká ẹnu. Ìlànà kẹta, ti ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín àgbáyé, FDI, lo nọ́ńbà méjì: èkíní fún apá ẹnu, èkejì fún eyín. Nínú ìlànà FDI, 18 ni eyín tí ó kẹ́yìn pátápátá lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Nínú ti Amẹ́ríkà, 18 ni eyín tí ó ṣáájú èyí tí ó kẹ́yìn nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Kọ̀ǹpútà kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. 18 jẹ́ nọ́ńbà tí ó tọ́ lójú àwọn méjèèjì. Bí ẹni tí ó ń da ìwé kọ kò bá mọ ìlànà tí ẹni àkọ́kọ́ tẹ̀lé, eyín tí kò ṣẹ̀ ni yóò jìyà. Àgbélébùú Palmer kò tilẹ̀ sí lára bọ́tìnì kọ̀ǹpútà lásán, nítorí náà àwọn tí ń tẹ̀ ẹ́ ń fi lẹ́tà rọ́pò rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn dókítà eyín ń lò, àkọsílẹ̀ tí ó ti ibòmíràn wá kì í bọ́ sí ojú àwòrán ẹnu. Bí àwòrán ìwé ni ó ṣe ń dé, a sì fi í sí ẹ̀yìn fáìlì. Dókítà tí ó bá ṣí fáìlì náà yóò rí àwòrán ẹnu tí ó mọ́ tónítóní, bí ẹni pé ọwọ́ kò kàn án rí, nígbà tí ìwé tí ó sọ òdìkejì wà lẹ́yìn. Bí akọ̀wé bá sì dà á kọ, ọjọ́ tí ó dà á kọ ni ètò náà lè gbà sílẹ̀ bí ọjọ́ ìtọ́jú, orúkọ akọ̀wé a sì rọ́pò ti dókítà tí ó ṣiṣẹ́ náà. Ohun tí ó yẹ ni kí ọjọ́ ìtọ́jú àti orúkọ ẹni tí ó ṣe é dúró bí wọ́n ti wà, kí a má tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ, kí ó sì hàn kedere pé láti ibòmíràn ni ó ti wá.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwó jẹ́ ìlú tí Ìsìláàmù ti gbilẹ̀. Ẹnìkan lè ní orúkọ Mùsùlùmí, orúkọ àbísọ àti oríkì, kí ilé ìwòsàn kan kọ èkíní, kí èkejì kọ òmíràn, láìsí àmì ohùn lórí èyíkéyìí. Fún àgbàlagbà tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, akọ̀wé a fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún kan dí àyè náà. Fáìlì méjì fún ẹnìkan jẹ́ ìnira. Fáìlì kan fún ènìyàn méjì ni ewu, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ kọ penicillin lè wà nínú wọn.

Òfin ti wá bá ọ̀ràn náà. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ní kí ilé ìwòsàn tọ́jú àkọsílẹ̀, kí ó sì pa àṣírí rẹ̀ mọ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ti oṣù Kẹfà 2023 mẹ́nu ba ẹ̀tọ́ ènìyàn láti gba ìsọfúnni ara rẹ̀ ní ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè kà. Ní ti àwọn fáìlì tí wọ́n kọ kí kọ̀ǹpútà tó dé, ẹni tí ó bá fẹ́ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ ṣì ní láti mú káàdì àtijọ́ náà wá, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀.