Ìkòkò àti Abọ́ Súwíìtì Alẹ́ Halloween

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá lọ́dọọdún, àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà àti Kánádà a máa múra bí iwin, bí àjẹ́ tàbí bí akọni inú fíìmù, wọn a sì máa kan ilẹ̀kùn ará àdúgbò kiri láti gba súwíìtì. Halloween ni orúkọ ọdún náà. Onílé gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò kó súwíìtì sí lẹ́nu ọ̀nà. Ìdílé mìíràn á ra ike lọ́jà, òmíràn á wọ ilé ìdáná lọ mú ìkòkò, abọ́, ìgò tàbí agolo, wọn á sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ fún alẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ireland àti Scotland ni gbòǹgbò ọdún yìí wà, nínú Samhain, ọdún tí àwọn Celt, ará ibẹ̀ láyé àtijọ́, fi ń parí ìkórè kí òtútù tó dé. Nígbà tí ìyàn ńlá mú ní Ireland láàárín 1845 sí 1852, ọ̀pọ̀ èèyàn sá lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àṣà wọn dání. Nílé, tọ́níìpù ni wọ́n máa ń gbẹ́ inú rẹ̀ láti fi ṣe àtùpà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá elégédé tó tóbi jù ú lọ tó sì rọrùn láti gbẹ́. Àwọ̀ elégédé yìí àti dúdú òru ló ń hàn lára ohun ọ̀ṣọ́ ọdún náà títí dòní.

Ogun Àgbáyé Kejì dí gbígba súwíìtì kiri lọ́wọ́, nítorí ìjọba Amẹ́ríkà fi òṣùwọ̀n sí ṣúgà tí ìdílé lè rà láti 1942 títí di 1947. Ẹ̀yìn náà ni àṣà náà gbilẹ̀ dáadáa. Ní 1950, ní Philadelphia, Mary Emma Allison àti ọkọ rẹ̀ Clyde, tó jẹ́ pásítọ̀, ní kí àwọn ọmọ ṣe páálí mílíìkì tó ti ṣófo lọ́ṣọ̀ọ́, kí wọ́n fi gba owó fún àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ lókè òkun. Dọ́là 17 ni wọ́n rí, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí UNICEF. Páálí tí à bá jù sáàtàn ló bẹ̀rẹ̀ ètò tó ṣì ń lọ lónìí. Nínú gbogbo ìtàn ọdún yìí, èyí ni mo gbà pé ó níyì jù.

Nínú àwọn ohun èlò ilé ìdáná, ìkòkò irin dúdú ló bá alẹ́ náà mu jù. Nínú eré Macbeth tí Shakespeare kọ, àwọn àjẹ́ mẹ́ta yí ìkòkò tó ń hó ká, àwòrán yẹn kò sì kúrò lọ́kàn àwọn Òyìnbó mọ́. Ẹni tó bá ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kò nílò ọ̀dà rárá: kí ó gé bébà pupa àti ti àwọ̀ ọsàn bí ahọ́n iná sí ìdí rẹ̀, kí ó fa òwú títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí ilé aláǹtakùn, kí ó ta á yí etí rẹ̀ ká, kí ó wá kó súwíìtì kún un. Ìgbákọ ni kí wọ́n fi máa bù ú, kí ọwọ́ gbogbo ọmọ àdúgbò má baà wọ inú ìkòkò kan. Àwọn kan a máa fi yìnyín gbígbẹ (dry ice) mú èéfín funfun jáde nínú ìkòkò. Yìnyín yẹn tutù dé −78.5°C, ó lè bó awọ ara, gáàsì rẹ̀ sì lè fọ́ ohun tí a bá dé pa. Inú ìkòkò ńlá ni kó wà, kí abọ́ súwíìtì jókòó lórí rẹ̀ láìdé ẹnu ìkòkò pa, kí ọwọ́ ọmọ má sì lè tó yìnyín náà.

Ìgò onídèérí, irú èyí tí John Landis Mason gba àṣẹ rẹ̀ ní 1858, ni wọ́n máa ń sọ di òkú tí ará Íjíbítì àtijọ́ fi aṣọ dì. Fíìmù The Mummy ti 1932, tí Boris Karloff kópa nínú rẹ̀, wà lára ohun tó sọ òkú yìí di ẹ̀rù àwọn èèyàn. Wọ́n á fi omi gbígbóná àti ọṣẹ bó lébẹ́ẹ̀lì ara ìgò, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á fi gúlúù díẹ̀ mú orí báńdéèjì mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á wá máa wé e gòkè. Kó wọ́ díẹ̀, kí ẹsẹ̀ òwú yọ síta. Èyí tó bá tẹ́jú jù á dà bí ọgbẹ́ tí nọ́ọ̀sì dì. Wọ́n á fi àlàfo tóóró sílẹ̀, wọ́n á lẹ ojú méjì mọ́ ọn. Ẹnu ìgò kò gbọ́dọ̀ ní báńdéèjì, kí ìdérí lè yí wọlé.

Asẹ́ onírin dára púpọ̀: bí iná bátìrì kékeré bá wà lábẹ́ súwíìtì, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ láti ojú ihò rẹ̀. Páànù kéèkì oníhò 12 sì ń jẹ́ kí a ya súwíìtì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún ọmọ tí ẹ̀pà tàbí mílíìkì kò bá lára mu. Láti 2014 ni FARE, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí oúnjẹ kan kì í bá lára mu, ti ń rọ àwọn onílé jákèjádò Amẹ́ríkà pé kí wọ́n gbé elégédé aláwọ̀ búlúù tó dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé síta, láti fi hàn pé wọ́n ní ohun ìṣeré fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Abọ́ méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, ọ̀kan fún súwíìtì, ìkejì fún ohun ìṣeré.

Àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà kò fi ojú kan náà wo ọdún yìí. Àwọn mìíràn kò fẹ́ rí àwòrán àjẹ́ àti òkú nílé wọn rárá. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ ń pín súwíìtì láti inú búùtù mọ́tò nínú ọgbà wọn, abọ́ tí wọ́n fi bébà àti ríbọ́ọ̀nù ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sì tó fún ìyẹn.

Lójú tèmi, ọ̀ṣọ́ tó ṣeé tú ló dára jù fún ohun tí à ń fi jẹun. Ọ̀dà tí a kọ sí lára pé kò ní májèlé kò túmọ̀ sí pé oúnjẹ lè fara kàn án. Ẹ̀yìn abọ́ nìkan ni kí ẹ kùn, súwíìtì tó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ nìkan ni kí ẹ sì kó sínú rẹ̀. Àwo amọ̀ àtijọ́ tó ń dán lè ní òjé nínú, nítorí náà ẹ má ṣe kó súwíìtì tí kò ní ọ̀rá sínú rẹ̀. Ìkòkò tí ọ̀dà bá sì ti kan inú rẹ̀, ẹ má ṣe dáná nínú rẹ̀ mọ́.