Àtẹ̀gùn Mélòó Ló Wà Ní Òkè Adó?

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, Agbówó, Ìbàdàn. Iná ò sí. Èèyàn mẹ́fà ló ní àwọn ń bọ̀, mẹ́rin la rí: èmi, Tíṣà, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, àti Ìyá Ìbejì tó ń gbé àjà kẹta ilé wa. Sálúbàtà ni Ìyá Ìbejì wọ̀. Tíṣà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkè là ń lọ o, kì í ṣe ọjà Bódìjà." Ó padà lọ pààrọ̀ bàtà. Ogún ìṣẹ́jú lọ níbẹ̀.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ la kúrò ní Òjóò. Láti Mọ́níyà, a bọ́ sójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65 tí ìjọba Ṣèyí Mákindé tún ṣe. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn nígbà tí kòtò gbà á mọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ló máa mọ ìdí tí a fi sùn lọ. Mo lajú ní Ìjàyè, ìlú Kúrunmí tí ogun Ìbàdàn fọ́ ní 1862, mo sì tún pa á dé. Ní Ìṣẹ́yìn a ra àkàrà gbígbóná, a kọjá.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la dé Adó-Àwáyè. A sanwó, wọ́n fún wa ní bàbá kan tó máa mú wa gòkè. Sílípáàsì ni bàbá wọ̀. Ìyá Ìbejì mọ́ Tíṣà lójú. Bàbá ní, "Àtẹ̀gùn 369 ni. Ẹ má kà á o. Ẹni tó bá ń kà á ló máa ń tètè rẹ̀."

A kà á ni. Nígbà tó fi máa di ọgọ́fà, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wa. Ìyá Ìbejì fọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, tó, tó. Itan mi ń gbọ̀n bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Bàbá ń dá nìkan sọ̀rọ̀ lókè: orí òkè yìí ni àwọn baba ńlá àwọn gbé nígbà ogun, àwọn ìyá wọn sì ń gbọ́mọ pọ̀n gun ibẹ̀. Nígbà tí a dé òkè, Tíṣà ka 361, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ka 374. Alángbá kan ló da tèmi rú níbi igba ó lé díẹ̀.

"369 ni," bàbá sọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Aago mẹ́wàá. Àpáta lásán ló kù, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò síbi tí èèyàn á dì mú. A rí Ìṣàgè, òkúta ńlá tó dúró ṣánṣán, tí èèyàn á rò pé atẹ́gùn kan báyìí á bì í ṣubú. Bàbá ní tí òjò bá pẹ́ jù, aṣọ funfun ni wọ́n máa ń wé fún un.

Lẹ́yìn náà la dé Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run. Ọ̀nà tóóró ni, àpáta lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. A bọ́ báàgì, à ń nà án síra wa. Mo fi àyà gbá àpáta mọ́ra; ó tutù, ó rí háráhárá bí awọ ọ̀ni, bọ́tìnnì ẹ̀wù mi sì ń ha á lára kíríkírí. Ta ló kọ́kọ́ kọjá? Ìyá Ìbejì. Kò wẹ̀yìn, kò sọ̀rọ̀. Tíṣà tó ti ń pàṣẹ láti àárọ̀ ló dúró tó ní òun fẹ́ so okùn bàtà. Ó so ó lẹ́ẹ̀mẹta. Níkẹyìn, ìdí ló fi wọ́ kọjá.

Aago méjìlá ku díẹ̀: Ìyákẹ́. Adágún tó jókòó sínú kòtò àpáta lórí òkè, omi rẹ̀ dúdú mọ́ àwọ̀ ewé, ewé gbígbẹ kan ń yí lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Wọ́n máa ń sọ pé méjì irú rẹ̀ péré ló wà láyé, èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Èmi ò gbà. Adágún orí òkè pọ̀ kárí ayé. Ṣùgbọ́n kò dín ẹwà rẹ̀ kù. Bàbá wá pa ìtàn obìnrin tó ń wá ọmọ, tó wá bẹ omi náà. Àwa ń ya fọ́tò. Ìyá Ìbejì, tó fi ọdún mọ́kànlá wá ọmọ, lọ dúró lọ́tọ̀. Kò bá wa ya ìkankan.

Aago kan ọ̀sán la bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ìyà gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní iṣan itan ló ń di ara mú kó má yí lulẹ̀, ìyẹn ló fi máa ń dunni ju gígùn lọ. Ẹ̀gbẹ́ la fi ń sọ̀kalẹ̀ bí alákàn. Kò sẹ́ni tó kà.

Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Òjóò gba wákàtí kan lọ́wọ́ wa. Aago méje alẹ́ la wọ Agbówó, iná ò tíì dé. Ìyá Ìbejì di irin àtẹ̀gùn mú nínú òkùnkùn, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "… mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá." Ó dúró. Ó pariwo sísàlẹ̀ pé, "Mélòó ló wà níbí gan-an?"

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé ilé yẹn. Mi ò mọ̀.