Owó orí ilẹ̀

Owó tí onílẹ̀ tàbí onílé ń san fún ìjọba lọ́dọọdún nítorí ohun ìní rẹ̀. TFU ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé Faransé ní Benin.

Ẹ má fi pe ìṣákọ́lẹ̀ o. Àgbẹ̀ tó dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíì ló ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Owó orí ilẹ̀, onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń san án. Kì í sì í ṣe owó orí ayé àwọn Faransé, tí wọ́n ń kà lé ènìyàn kọ̀ọ̀kan lórí. Bí ilẹ̀ bá ṣófo, iye tó lè pa lọ́jà ni wọ́n ń wò. Bí ilé bá wà lórí rẹ̀, iye tí ayálégbé lè san lọ́dún ni.

Àpò kọ́múùnù ni owó náà ń wọ̀. Fún ará ìlú Ofè, kọ́múùnù Ṣábẹ̀ẹ́ nìyẹn. Òfin 97-029 ti ọdún 1999 sì gbé kíkọ́ àti àtúnṣe ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba lé kọ́múùnù lọ́wọ́: òrùlé tí ìjì ṣí, àga tó kán, gbogbo rẹ̀ dọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ìgbèríko, níbi tí ilẹ̀ ẹbí pọ̀ tí kò níwèé, owó orí ilẹ̀ kì í tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kọ́múùnù fi gbójú lé owó ìrànwọ́ ìjọba. Ọ̀kan nínú irú owó bẹ́ẹ̀ nígbà kan ni FADeC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2008.

Ẹni tó bá san tirẹ̀, kó gbàwé ẹ̀rí, kó sì béèrè iye tó kan ilé ẹ̀kọ́.