Láti Orí Àpótí Dé Inú Ògiri

Kò sí ẹni tí ó kọ́lé rí ní ilẹ̀ Yorùbá lóde òní tí kò mọ àríyànjiyàn kan tí ó máa ń wáyé ní kété tí wọ́n bá ti kan òrùlé tán, tí wọ́n sì ti rẹ́ ògiri. Onílé a pe ọ̀gá káfíńtà wọ inú yàrá, a nawọ́ sí igun kan, a ní wọ́dúróòbù ni òun fẹ́ níbẹ̀, kí ó wọ inú ògiri, kí ó sì kan àjà. Ọ̀gá káfíńtà a na téèpù, a ṣírò, a dárúkọ iye owó. Onílé a figbe ta: "Ọ̀gá, pákó ni mo ní kí ẹ kàn, n kò ní kí ẹ kọ́ ilé mìíràn fún mi!" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ṣi ìtàn kà. Owó wọ́dúróòbù inú ògiri kì í ṣe owó pákó nìkan. Ohun tí owó náà ń rà gan-an ti yí padà láti ìran dé ìran, àyípadà náà ni ó sì fi ìdí igbe onílé hàn.

Àwọn baba ńlá kò ná irú owó bẹ́ẹ̀. Orí okùn tí wọ́n ta sí ìyẹ̀wù ni aṣọ iṣẹ́ ń gbé. Aṣọ tí ó níyì, bí sányán, àlàárì àti ẹtù, kíká ni wọ́n ń ká a sínú igbá ńlá tàbí apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àpótí gba ipò wọn. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé agbádá kì í ṣe aṣọ tí a ń fi kọ́ sórí ọ̀pá. Bí ó ti fẹ̀ tó, tí ó sì wúwo tó, kíká ni ó bá a mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ìró àti ìborùn. Àpótí wà lára ẹrù ìyàwó. Orí ni wọ́n fi ń rù ú lọ sílé ọkọ, bí olówó rẹ̀ bá sì ṣí lọ sí ìlú mìíràn, a bá a lọ. Owó tí ó bá kàn án kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni iṣẹ́ káfíńtà gba ìyì tuntun ní Èkó, nígbà tí àwọn Àgùdà ń padà bọ̀ láti Brazil. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́ iṣẹ́ ìkọ́lé, iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ aṣọ rírán lóko ẹrú. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, jẹ́ ẹ̀rí ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe títí di òní. Ní ayé ìgbà náà, inú igbó tí kò jìnnà ni igi ti ń wá: ìrókò, ọ̀gànwó, apá. Ìṣó, kọ́kọ́rọ́ àti irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí ni ọkọ̀ òkun ń kó wá. Àwọn agẹgi méjì a di ayùn gígùn mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọn a fi ọjọ́ pípẹ́ la ìtì kan. Òógùn ọmọ ènìyàn ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ohun èlò ilé nígbà náà.

Wọ́dúróòbù fúnra rẹ̀ bá kóòtù wọlé ni. Aṣọ òyìnbó ni ó ń fẹ́ háńgà, háńgà ni ó sì ń fẹ́ ọ̀pá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Ìkòyí àti ní àwọn àdúgbò òyìnbó mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó. Àwọn akọ̀wé àti olùkọ́ tẹ̀ lé wọn. Ní 1958, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ ìkọ́lé tirẹ̀ sílẹ̀, ilé Bódìjà ní Ìbàdàn sì di àwòkọ́ṣe fún ọ̀mọ̀wé tí ó fẹ́ kọ́lé. Kò pẹ́ tí yàrá tí kò ní wọ́dúróòbù fi di yàrá tí wọn kò tí ì parí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí ìṣirò sọ tẹnu rẹ̀. Ká ní wọ́dúróòbù náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tí inú rẹ̀ sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, nítorí pé háńgà tí aṣọ wà lórí rẹ̀ kò lè gba inú èyí tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Abala púláíwúùdù kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú àti 8 ní gígùn. Ilẹ̀kùn yóò jẹ abala 2. Ìdábùú méjì tí ó pín inú rẹ̀ sí mẹ́ta yóò jẹ abala 1. Òkè, ìsàlẹ̀, pẹpẹ gígùn kan àti pẹpẹ kéékèèké mẹ́ta yóò jẹ abala 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ abala 5, láìka àgékù mọ́ ọn. Bí ó bá ṣe pé ó dá dúró ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ìbá jẹ abala 2, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ìbá sì jẹ abala 1, kí ó tó di 8. Ògiri ti fún onílé ní abala 3 lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ni ó wá gbé owó náà ga? Ògiri yìí kan náà ni. Lójú onílé, ògiri rẹ̀ tọ́. Lójú téèpù ọ̀gá káfíńtà, òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, igun rẹ̀ kan sì ti yẹ̀. Àpótí tí wọ́n kàn ní ṣọ́ọ̀bù kò ní irú ìyọnu yẹn. Ti inú ògiri, pákó kọ̀ọ̀kan ni a ó wọ̀n lọ́tọ̀, tí a ó gé lọ́tọ̀, tí a ó gbé síbẹ̀ wò, tí a ó tún fá. Bí birikilà bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ǹpẹ̀rẹ̀, káfíńtà ni yóò ṣe àtúnṣe rẹ̀, onílé ni yóò sì sanwó. Bí ògiri náà bá tún ń fa omi, èbu yóò mú aṣọ, ikán yóò sì wọlé láìkan ìlẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá fẹ́ san owó ọ̀dà àti òògùn ikán lónìí ti yá owó náà de ọ̀la ni.

Ohun kejì tí ó gbé owó ga wá láti òkè òkun. Nígbà tí owó epo rọ̀bì àti àjẹsílẹ̀ Udoji dé ní 1975, ojú Formica tí ń dán ni olúkúlùkù fẹ́. Ní 1976 ìjọba ka kíkó ìtì igi lọ sókè òkun léèwọ̀, síbẹ̀ igi ilé kò yé dín kù. Ní 1985, náírà kan ṣì ń rà tó dọ́là kan. Ètò àtúntò ọrọ̀-ajé dé ní 1986, nígbà tí yóò fi di òpin 1987, ó ti di ju náírà 4 lọ sí dọ́là kan. Láti ìgbà náà, bí dọ́là bá ti fò ni wọ́dúróòbù ń bá a fò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Báńkì Àpapọ̀ fi púláíwúùdù, pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi lẹ̀ àti àga òun tábìlì sínú ọjà 41 tí kò ní máa fún ní owó òkèèrè, kí ti ilé lè gbilẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ó mú èèwọ̀ náà kúrò. Ní 2024, dọ́là kan ti ré kọjá náírà 1,500. Ilẹ̀ tí ìrókò ti ń hù ń fi dọ́là ra pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí ìyípadà yìí dùn jù ni ọ̀gá káfíńtà. Bí owó ọjà bá gbẹ́mì lé e, owó ọwọ́ rẹ̀ ni onílé máa ń gé, nítorí pé ẹni tí ń ta púláíwúùdù kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí ó rí èyí lójú ọ̀gá rẹ̀ kì í pẹ́ sá lọ gun ọ̀kadà.

Ó tún ku ayálégbé. Láti 1863 tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wọ Èkó ni ìlànà kan ti bá a wọlé, pé ohun tí a bá kàn mọ́ ilé ti di ara ilé, àyàfi ìwọ̀nba ohun ọ̀ṣọ́ tàbí ohun òwò tí ayálégbé lè tú láìba nǹkan jẹ́. Wọ́dúróòbù tí ó wọ inú ògiri kò sábà rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí ó fi owó oṣù mélòó kan ṣe é sí yàrá tí ó háyà ti fi ta onílé lọ́rẹ, ẹni tí yóò bá a níbẹ̀ a sì san owó ilé tí ó ga jù nítorí rẹ̀. Ìyẹn ni àwọn mìíràn fi ń ní kí káfíńtà wọn ṣe èyí tí a fi ìdè onírin so, tí a lè tú palẹ̀ kó sínú ọkọ̀. Ó ń bá olówó rẹ̀ lọ bí àpótí ìyàwó ti ń ṣe, ṣùgbọ́n kò ní ògiri tí yóò fara tì: abala 3 tí wọ́n rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tún ti padà wọ inú owó.