Kí Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Kan Aró

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè nípa àdìrẹ Abẹ́òkúta nínú ìdánwò, ohun tí yóò kọ kò ní ju ìlà mẹ́ta lọ: pé àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ló ń ṣe é, pé àdìrẹ oníko wà, ẹlẹ́kọ náà wà, àti pé Ìtòkú ni ọjà rẹ̀. Olùkọ́ á fún un ní máàkì kíkún. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ yìí kan náà pé kí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn aláró àti Aláké lọ́dún 1936, kò ní lè fọhùn. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya ọ̀lẹ. Eérú àti sódà ni ìjà náà dá lé, ẹni tí kò bá sì fọwọ́ kan eérú rí, ó ṣòro kó mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà.

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, àfojúbà gan-an kò tó. Àwọn ilé ìwé kan ń kó ọmọ lọ wo àwọn aláró. Wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ búrẹ́dì, ó di inú bọ́ọ̀sì. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn ọmọ ṣe iṣẹ́ náà fúnra wọn, bó tilẹ̀ gba odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ewé èlú ni ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gún un nínú odó títí yóò fi kúnná tí yóò sì dúdú, wọ́n á ṣù ú róbótó, wọ́n á sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà ló kan eérú. Wọ́n á kó eérú igi sínú ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, wọ́n á gbé e ka orí ìkòkò mìíràn, wọ́n á wá da omi sí i. Omi náà á máa kán sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ọṣẹ. Òun ni wọ́n á fi rẹ èlú. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́ àfi kó dúró. Aró gbọ́dọ̀ kan, ó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan, òórùn rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ọmọ tó bá ń ṣí ìkòkò náà wò láràárọ̀ yóò rí i bí ìfóòfó tó ń dán bí bàbà ṣe ń hù lójú rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ki aṣọ bọ̀ ọ́ ni ìyanu. Aṣọ náà kì í jáde ní àwọ̀ aró. Ó máa ń ní àwọ̀ ewé tó ń pọ́n lọ, bí atẹ́gùn bá sì ti fẹ́ sí i, á yí padà lójú gbogbo wọn. Èlú kì í yòrò nínú omi lásán. Omi eérú àti kíkan ló ń mú un yòrò wọ inú òwú, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló sì ń dá a padà sí àwọ̀ rẹ̀ tí yóò fi dúró síbẹ̀. Olùkọ́ kẹ́mísìrì tó bá wà nítòsí á rí iṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ìjà yẹn. Lọ́dún 1897, ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, tí kò nílò ewé. Kọ́sítíìkì sódà náà dé, ó gba ipò eérú. Ní Abẹ́òkúta nígbà náà, aṣọ funfun láti Manchester ti pọ̀ lọ́jà, àwọn oníṣòwò sì ń wá ra àdìrẹ láti Senegal àti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, owó kòkó já wálẹ̀, ọjà àdìrẹ náà sì dá. Ẹ̀sùn wá pọ̀ pé sódà àti aró òyìnbó ló ń ba aṣọ jẹ́. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin dè wọ́n. Àwọn aláró kò gbà, wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú sí ìjọba, ìgbìmọ̀ ìwádìí sì jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1936.

Ọmọ tó ti dúró ti ìkòkò fún ọjọ́ mẹ́fà á gbọ́ ìtàn yìí lọ́nà mìíràn. Á mọ iye ọjọ́ tí òfin yẹn fẹ́ fi kún iṣẹ́ obìnrin tó gba aṣọ láwìn tí olówó sì ń dúró dè é. Á sì tún lè rò ó pé Aláké ń ṣọ́ orúkọ ọjà ìlú rẹ̀. Kí olùkọ́ pín kíláàsì sí méjì, kí apá kan jẹ́ aláró, kí apá kejì jẹ́ ìgbìmọ̀ Aláké, kí aṣọ tí wọ́n rẹ fúnra wọn wà lórí tábìlì bí wọ́n ṣe ń ro ẹjọ́. Ní tèmi, ọ̀dọ̀ àwọn aláró ni mo máa jókòó sí.

Kọ́sítíìkì sódà ń jó awọ ara o. Kí ọmọ kankan má ṣe fọwọ́ kàn án. Omi eérú pàápàá ń ta ni, nítorí náà kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n sì ṣọ́ ojú wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ fún wọn ní aṣọ ilé wọ̀. Bí èékánná ọmọ bá ṣì dúdú lọ́jọ́ kẹta, ẹ má nà án.

Kí wọ́n má sì gbàgbé ẹ̀kọ. Aládìrẹ ló ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ gbágùúdá ya ọnà sára aṣọ kó tó gbé e fún aláró. Nínú ọnà Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929. Ọmọ tó bá fi ìyẹ́ ya àwọn òpó yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ há ọdún náà sórí.

Ìnáwó rẹ̀ kò pọ̀. Eérú wà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi igi dáná. Ẹni tí yóò kọ́ wọn ni kí a tètè wá, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣì mọ eérú kán ti dàgbà. Kí ilé ìwé sanwó fún ìyá aláró bí olùkọ́, kí wọ́n má kàn fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò dá a lóhùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìdánwò táàmù kìn-ín-ní, tí àwọn ọmọ kì í rí nǹkan gidi ṣe nílé ìwé, bọ́ sí àsìkò ọyẹ́. Aṣọ á yára gbẹ nígbà náà.